Ọ̀sẹ̀ Tí Nọ́ọ̀sì Ní Kí N Dákẹ́

Ìyá mi kékeré, ọmọ tí mo bí tó jọ mí bí ẹni pé ara pákó kan náà ni mo ti gé wa,

Mo kí ọ kú iṣẹ́. Mo kí ọ kú ariwo ìlú ńlá, mo kí ọ kú àtẹ̀gùn àjà mẹ́rin tí ò ń gùn kí o tó dé yàrá rẹ, mo sì kí ọ kú ìnáwó eyín mi. Ọlọ́run tó fún mi ní eyín náà lọ́fẹ̀ẹ́, tó wá jẹ́ pé owó ni wọ́n fi bá mi yọ ọ́, kò ní í jẹ́ kí o náwó sórí ìrora. Eyín kò ní í ro ọ́. Ọ̀rọ̀ kò ní í wọ́n ọ lẹ́nu níbi tó bá ti yẹ kí o sọ ọ́. Níbi tí wọ́n bá ti ń wá ẹni gidi, ìwọ ni wọ́n máa nawọ́ sí. Àmín. Ìyá rẹ náà ṣe àmín nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Ó ń na ọrùn láti wo ohun tí mò ń kọ, mo sì ti fi apá bò ó.

Èmi fúnra mi ni mo ń kọ lẹ́tà yìí o, mi ò bẹ ẹnikẹ́ni. Wo bí ìlà rẹ̀ ṣe gún. Ọdún mẹ́ta péré ni mo lò nílé ìwé. Nígbà tí tíṣà ní kí n padà wá fún ìkẹrin, mo ní rárá, èyí tí mo mọ̀ yìí ti tó mi kọ́lé. Ṣé kò tó ni? Owó igi àti ìṣó ni mo fi kọ́ ilé tí wọ́n bí ọ sí. Bẹ́ńṣì tí mo fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹsẹ̀ mẹ́ta ló ní, orúnkún mi ni mo fi ṣe ìkẹrin. Lónìí, pátákó tó tóbi jù lójú pópó wa tèmi ni, ohun tó sì wà lára rẹ̀ ni ÌWỌ̀N MI KÌ Í YẸ̀, òun ni gbogbo ayé ṣe ń pè mí ní Ìwọ̀n-ò-yẹ̀. O mọ gbogbo ìyẹn tẹ́lẹ̀. Mo kàn ní kí n rán ọ létí ni, nítorí ohun tó ń bọ̀ nísàlẹ̀.

Mo mọ ohun tó ń jẹ ọ́ lọ́kàn. Ó di oṣù mẹ́jọ báyìí tí o ti ń béèrè bóyá o lè fẹ́ ọmọ Bíríkìlà, ọmọkùnrin tó ń tún ẹ̀rọ tó ń mú ilé tutù ṣe, tí mo sì ń dá ọ lóhùn pé mò ń rò ó. Mi ò rò ó rárá. Mo ti pinnu láti ọjọ́ kìíní pé ọmọ mi kò ní í wọ ilé ẹni tó ba ìwọ̀n ilẹ̀kùn mi jẹ́. Ìdáhùn rẹ wà nínú lẹ́tà yìí, ṣùgbọ́n má ṣe sáré lọ sísàlẹ̀ lọ wá a. Bí mo ṣe tò ó ni kí o ṣe kà á. Ẹnìkan kì í ti orí òrùlé bẹ̀rẹ̀ ilé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo dé ọ̀dọ̀ àwọn eléyín tí o júwe fún wa. Eyín tó ń dà mí láàmú náà, ìyẹn èyí tó sá pamọ́ sí kọ̀rọ̀ ẹ̀yìn pátápátá lápá ọ̀tún, tí wọ́n ń pè ní eyín ọgbọ́n, dókítà ní ó dùbúlẹ̀ sínú ẹran ẹnu dípò kó dìde dúró. Mo ní irú ọ̀lẹ wo nìyẹn, lẹ́nu èmi tí mi ò dùbúlẹ̀ lọ́sàn-án rí. Mo ní kí wọ́n lé e jáde.

Nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ mú fọ́ọ̀mù jáde. Òun ń kà, èmi ń dáhùn, òun ń kọ. Ó bi mí ní iṣẹ́ mi, mo sọ ọ́ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀, láti orí bẹ́ńṣì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta wá títí dé àga ọgọ́fà tí mo kàn fún ilé ìwé. Nígbà tí mo máa wo inú fọ́ọ̀mù, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kọ. Mo ní kó lo ẹ̀yìn ìwé, ó ní kò sí àyè. Lẹ́yìn náà ló ní kí n dúró ti igi ìwọ̀n kan tó wà lára ògiri kí òun mọ bí mo ṣe ga tó. Ó ní ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún àti íńṣì méje. Ẹ̀rín pa mí. Mo fa téèpù mi yọ lápò, o mọ̀ pé kì í kúrò lára mi, mo ní kó fi tèmi wọ̀n mí. Ó fi wọ̀n mí, ó di íńṣì mẹ́jọ. Mo ní ṣé ó rí i báyìí, igi wọn ti jẹ íńṣì kan mọ́ gbogbo aláìsàn ìlú yìí lọ́wọ́. Ó ní òun máa sọ fún àwọn ọ̀gá òun. Ọmọ gidi ni.

Ìgbà tó yá, ó ní kí n buwọ́ lùwé. Mo bi í pé kí ni mo ń buwọ́ lù. Ó ní pé mo gbà kí wọ́n yọ eyín náà, àti pé màá tẹ̀lé gbogbo ìlànà ìsinmi tí wọ́n bá fún mi. Ìyá mi, ìwọ̀nba ìwé tí mo kà, mo mọ ohun tí wọ́n ń pè ní àdéhùn. Àdéhùn tí ẹnìkan bá bà jẹ́, ńṣe ni kálukú máa ń gba ọjà rẹ̀ padà. Ìyẹn ni pé bí mo bá rú òfin wọn, wọ́n lè ránṣẹ́ pè mí, kí wọ́n dá eyín náà padà sí ibi tí wọ́n ti yọ ọ́. Ara mi bù máṣọ. Ohun tó mú mi gba eyín náà lọ́wọ́ wọn nìyẹn, tí mo dì í sínú ìwé, tí mo sì fi í pamọ́ sókè àjà níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní í rí i. Kí wọ́n wá fi ohun tí wọn kò ní lọ́wọ́ dá mi lóró, ká wò ó. Kí n tó dìde níbẹ̀, ó gba nọ́ńbà fóònù mi, ó ní àwọn á máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ béèrè bí mo ṣe ń sinmi sí. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé wọ́n ti fi fóònù ṣe alámójútó lé mi lórí.

Dókítà náà, obìnrin kékeré kan ni. Mo wo ẹ̀mú tó gbé lọ́wọ́, mo ní ẹ̀mú yìí kò jẹ́ yọ ìṣó tíńtín. Mo wá fara balẹ̀ kọ́ ọmọ náà bí a ṣe ń yọ ohun tó ti bá igi mulẹ̀: èèyàn kì í fà á wàù, ńṣe ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ mì í sọ́tùn-ún, kí wọ́n mì í sósì, kó tó wá sókè. Ó ní ẹ ṣeun bàbá, bẹ́ẹ̀ náà lòun fẹ́ ṣe é, ẹ la ẹnu. Bẹ́ẹ̀ náà ló sì ṣe é. Bí o bá gbọ́ tí wọ́n ń yin dókítà náà nílùú ńlá, dákẹ́, ṣùgbọ́n kí o mọ ẹni tó kọ́ ọmọ náà níṣẹ́.

Mi ò mọ̀ ọ́n lára. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún mi, kì í ṣe eré. Nígbà tí a dé ibi tí a ti ń wọ ọkọ̀, mi ò rí apá ọ̀tún ojú mi mọ́. Mo fọwọ́ ṣàpèjúwe fún ìyá rẹ pé kó sáré padà lọ wò ó lórí àga wọn. Ó ní ó wà lára mi. Mi ò gbà á gbọ́ títí a fi délé tí mo wo dígí.

Wàyí o, ìwé ìlànà. Wọ́n ní kí n sinmi fún ọjọ́ méje. Kí n má gbé ohun tó wúwo, kí n má tutọ́, kí n má fi nǹkan kan fa omi mu, kí n máa gbé áísì lé ẹ̀rẹ̀kẹ́, kí n máa jẹ ohun tó bá rọ̀. Kí n gbé orí sókè tí mo bá sùn. Ìyẹn kò le fún mi, orí tèmi ti wà lókè láti kékeré. Ìgbẹ̀yìn rẹ̀ ló burú: fún ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, kí n má sọ̀rọ̀.

O mọ̀ pé mi ò sinmi rí. Ọjọ́ tí wọ́n bí ọ, pákó ni mò ń fá lọ́wọ́ tí wọ́n fi wá pè mí. Ṣùgbọ́n mo ní bó bá jẹ́ pé iṣẹ́ ni ìsinmi, kò sí ọ̀gá tó lè jù mí níbẹ̀. Mo jí ní aago márùn-ún kí n lè tètè bẹ̀rẹ̀. Mo wọ aṣọ iṣẹ́, mo fi pẹ́ńsù sí ẹ̀yìn etí, mo dùbúlẹ̀. Nígbà tó máa fi di aago méje, mo ti sinmi débi pé gbogbo ẹ̀yìn ń ro mí. Ìyá rẹ ní ṣebí ẹni tó ń sinmi kì í làágùn. Mo kọ ọ́ sórí pákó kékeré kan pé oníṣẹ́ gidi kì í ṣiṣẹ́ kó má làágùn.

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi wú, ó wú, ó ń dán bí ilẹ̀kùn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn. Ó wu èmi náà. Mo ń wọ̀n ọ́n láràárọ̀, láti imú dé etí. Lọ́jọ́ Rú, íńṣì méje. Ìyá rẹ ní irọ́ ni, ó mú téèpù ìránṣọ rẹ̀ wá, ó ní mẹ́fà. Mo kọ ọ́ fún un pé téèpù aláṣọ tó ti gbó máa ń fà bíi rọ́bà, kò ṣe é fi wé irin. Ó ní bí téèpù òun bá fà, ṣebí iye rẹ̀ á dínkù, ó ní òun ti fi ran aṣọ fún odidi àdúgbò, kò sì sẹ́ni tí ìdí rẹ̀ yọ síta. Mo fún un lójú. Ojú ọ̀tún kò ṣí, òsì ni mo fi fún un.

Fóònù ọ̀hún kò jẹ́ kí n sinmi ọ̀rọ̀. Ó máa dún tìn-ín, àtẹ̀jíṣẹ́ ti dé. Kì í ṣe pé mi ò lè kà á o, lẹ́tà inú fóònù ló ti kéré jù fún ẹni tó mọ pátákó ńlá kọ. Ìyá rẹ ló ń bá mi kà á. Èyí àkọ́kọ́ ní kí n mu omi dáadáa. Èkejì ní kí n má ṣe bu ẹnu àtẹ́ lu oúnjẹ tí wọ́n bá gbé fún mi, kí n mi orí, kí n rẹ́rìn-ín. Ìkẹta ní kí n jẹ́ kí wọ́n ju àga ògbólógbòó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé síta. Ìyá mi, ẹ̀rù bà mí. Àga yẹn wà lẹ́yìn kọ́tìnì! Báwo ni àwọn eléyín ṣe rí i láti ọ̀nà tó jìn tó bẹ́ẹ̀? Mo fọwọ́ júwe pé kí wọ́n gbé e síta kíá. Ìyá rẹ ti ń bẹ̀ mí lórí àga náà láti ọdún mẹ́fà, mi ò gbọ́, ṣùgbọ́n a kì í bá ìjọba jà.

Ọjọ́bọ̀, ní ọ̀sán gangan, ni Bíríkìlà dé.

Bàtà rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rí lábẹ́ ilẹ̀kùn. O mọ ilẹ̀kùn náà, o mọ àlàfo íńṣì kan tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tí aláǹgbá ń gbà wọlé bí onílé, tí ìyá rẹ ń fi àkísà dí ní gbogbo ọjọ́ òjò. Ọdún kọkànlá rèé. Bíríkìlà ló mọ ojú ilẹ̀kùn náà, èmi ni mo kan ilẹ̀kùn. Ẹsẹ̀ bàtà méje la jọ fẹnu kò sí. Nígbà tí mo gbé e wọlé, ó kéré. Mo ní òun ló dá ojú ilẹ̀kùn sílẹ̀ jù, ó ní èmi ni mo gé igi jù. Láti ọjọ́ náà, a kò kí ara wa mọ́. Wàá sì wá ní ọmọ rẹ̀ lo fẹ́.

Ó wọlé, eruku sìmẹ́ǹtì wà lórí bàtà rẹ̀ síbẹ̀. Ó wò mí títí. Ó ní há à, Ìwọ̀n-ò-yẹ̀, ojú rẹ wú bí ògiri tí omi ti wọ ìdí rẹ̀. Mo fẹ́ dá a lóhùn pé ògiri tí wọ́n kọ́ dáadáa, ibo ni omi máa gbà wọ̀ ọ́. Mo lanu díẹ̀. Fóònù dún tìn-ín. Ìyá rẹ gbé e, ó kà á sókè ketekete: ẹ má sọ̀rọ̀ o, ẹ̀jẹ̀ lè tún dà. Mo pa ẹnu dé.

Ó jókòó. Ó ní òun mọ̀ pé mo ń bínú. Ó ní òun náà ń bínú. Ó ní ṣùgbọ́n ojú ilẹ̀kùn yẹn, ẹsẹ̀ bàtà méje lòun fi sílẹ̀, kò lé kò dín. Mo tún lanu. Tìn-ín! Ìyá rẹ ní ilé ìwòsàn ní kí n jẹ́ kí Bíríkìlà sọ tẹnu rẹ̀ tán. Ìyá mi, wọ́n mọ orúkọ rẹ̀! Òógùn bò mí. Mo fi ìrọ̀rí bo fóònù náà mọ́lẹ̀, ìyá rẹ yọ ọ́ jáde, ó ní ẹ̀rọ kì í fẹ́ ooru.

Bíríkìlà bá ń sọ̀rọ̀ lọ. Ó ro ẹjọ́ tirẹ̀, mi ò dáhùn. Ó tún un rò láti ẹ̀yìn wá síwájú, mi ò dáhùn. O mọ̀ pé láti ọjọ́ tí a ti ń bá ara wa jà, kò sọ gbólóhùn kan délẹ̀ rí kí n tó já a gbà. Lọ́jọ́ yìí kò rí ẹni bá a jà á. Ńṣe ló dà bí ẹni tó fi gbogbo agbára ti ilẹ̀kùn tí kò sí kọ́kọ́rọ́ níbẹ̀. Nígbà tí kò sí ẹni tó ń takò ó mọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tako ara rẹ̀. Ó ní bóyá okùn òun ló dẹ̀. Ó ní bóyá oòrùn pa òun lọ́jọ́ náà. Ó mu omi. Ó wolẹ̀. Ó wá ní ó dáa, òun gbà, òun lòun ṣì í, kí n dárí ji òun, kí n má fi ìyà òun jẹ ọmọ òun. Ó ní ọmọ òun kò jẹun dáadáa mọ́. Ó ní ṣé mo gbà kí àwọn ọmọ yìí fẹ́ ara wọn.

Ayọ̀ mi kún àkúnwọ́sílẹ̀ pé ó ti jẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n ti ìgbéyàwó kọ́ nìyẹn o. Mo fẹ́ mi orí pé rárá. Ìyá mi, gbọ́ ohun tójú mi rí. Bí mo ṣe fẹ́ yí ọrùn sọ́tùn-ún, ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà kọ̀. Mo ní kí n yí i sósì, ó fa ọ̀tún, iná jó mi títí dé àtàǹpàkò. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí orí mi ṣì lè gbà lọ ni kó lọ sísàlẹ̀ kó sì padà sókè. Mo gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ náà ló ń lọ tó ń bọ̀.

Bíríkìlà fò sókè, ó ní ó gbà! Ó gbá mi mọ́ra, ẹ̀gbẹ́ tó wú ló fi àyà gbá. Omi dà lójú mi wàrà. Ó ní wò ó, ó ń sunkún ayọ̀, òun náà bú sẹ́kún. Ìyá rẹ ń jó káàkiri ẹ̀rọ ìránṣọ. Fóònù tún dún, ìyá rẹ ní àwọn eléyín ní ẹ kú oríire. Mo ní sínú ara mi pé bí mo bá tún rí ẹni tó máa gba nọ́ńbà mi láyé yìí, kó pè mí ní òmùgọ̀.

Mo wá gbèrò ohun kan, mi ò ní í purọ́ fún ọ. Mo ní kí ọjọ́ méje pé ná, kí ẹnu mi ṣí, màá lọ bá a lójú gbogbo àwọn oníṣẹ́ rẹ̀, màá ní mi ò gbà. Ẹ̀rí mi ni pé òun fúnra rẹ̀ ti jẹ́wọ́. Mo kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ lórí pákó gígùn kan, ó kún ẹ̀gbẹ́ méjèèjì.

Ó ku ọjọ́ mẹ́ta, lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, mo tún wọn ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó ti ń fà sẹ́yìn. Tèmi ní mẹ́fà, ti ìyá rẹ ní márùn-ún. Àárọ̀ mẹ́rin tẹ̀lé ara wọn, íńṣì kan náà ló wà láàrin àwa méjèèjì. Bó bá jẹ́ pé iṣẹ́ wà lọ́wọ́ mi, mi ò ní í bìkítà. Ṣùgbọ́n ìsinmi ni mo wà, kò sí ohun tí mò ń ṣe ju kí n máa ka iye pákó òkè àjà. Mo tẹ́ téèpù méjèèjì sórí ibùsùn, mo fi wọ́n ti ara wọn, orí sí orí.

Orí tèmi, íńṣì àkọ́kọ́ kò sí níbẹ̀. Ibi tó yẹ kí òǹkà ti bẹ̀rẹ̀, ìkejì ló wà níbẹ̀, ó jókòó bí ẹni tó bá àga òfìfo.

Mo dùbúlẹ̀ padà. Mo rántí. Ó ti lé ní ọdún mọ́kànlá, irin ẹnu téèpù náà ń họ pákó àwọn oníbàárà, mo fi sísọ́ọ̀sì gé e, mo fi fáìlì dán an. Èmi náà ni mo gé e. Mo sì gbàgbé. Ilẹ̀kùn àwọn ẹlòmíì kò yẹ̀ nítorí pé èmi náà ni mo ń kan férémù wọn, téèpù kan náà ló wọn méjèèjì, àṣìwọ̀n bá àṣìwọ̀n mu. Ilẹ̀kùn tiwa nìkan ni ẹlòmíì fi ìwọ̀n tòótọ́ dá ojú rẹ̀ sílẹ̀ kí n tó fi tèmi bá a.

Ojú tì mí. N kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, àkọ́kọ́ mi nìyẹn, ńṣe ni mò ń ṣe é bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ìdí iṣẹ́. Lọ́jọ́ méjì tó tẹ̀lé e, kò sẹ́ni tó tún ní kí n má sọ̀rọ̀, ọjọ́ mẹ́ta wọn ti pé, èmi ni mi ò rí ọ̀rọ̀ sọ. Ìyá rẹ fọwọ́ kan iwájú orí mi, ó ní ṣé ibà ni.

Nígbà tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo fi omi iyọ̀ fọ ẹnu, mo lọ bá Bíríkìlà níbi tó ti ń rẹ́ ògiri. Ẹnu mi kò tíì ṣí ju ìka méjì lọ, ọ̀rọ̀ gígùn kò lè gba ibẹ̀ kọjá. Mo na téèpù náà sí i. Ó fà á. Ó wo orí rẹ̀, ó wò mí. Ó tún fi èékánná kà á, ó tún wò mí. Ó jókòó lórí búlọ́ọ̀kù, ó bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí tí síbí ìrẹ́lé já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní láti ọdún mọ́kànlá, téèpù mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lòun ti rà, ó ní tí òun bá jí lóru, òun a máa ronú ojú ilẹ̀kùn yẹn. Ìyá mi, ìyẹn dùn mí ju eyín lọ.

Mo bi í pé kí ló wá mú un jẹ́wọ́ ohun tí kò ṣe. Ó ní tí wọ́n bá mọ ògiri wọ́, wọ́n á wó o tún mọ, ṣùgbọ́n inú ọmọ tó bá bàjẹ́, síbí òun kò lè rẹ́ ẹ. Ó ní bó bá jẹ́ íńṣì kan ló máa dí ọ̀nà ọmọ méjì, kí wọ́n kọ ọ́ sí òun lọ́rùn.

Mo ní mo gbà. Ẹnu ni mo fi sọ ọ́ lọ́tẹ̀ yìí, kì í ṣe orí. Mo gbà kí o fẹ́ ọmọ Bíríkìlà. Ìdáhùn rẹ nìyẹn. Bí o bá ti sáré wá síbí láti òkè, mo mọ̀, padà lọ kà á dáadáa.

Pákó tí mo kọ ọ̀rọ̀ ìjà sí náà, òun la là. Bíríkìlà mú ẹnu kan, mo mú ẹnu kejì, a yọ pẹlẹbẹ íńṣì kan lára rẹ̀, a fi téèpù tirẹ̀ wọ̀n ọ́n, a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn. Ó padé wẹ́kú. Aláǹgbá dé lánàá, ó dúró níta, ó ń mi orí. Àwa náà mi orí fún un.

Ní ti owó, o mọ̀ pé bàbá rẹ kì í tọrọ. Mo kàn ń sọ ohun tí ojú ń rí. Mo fẹ́ téèpù tuntun, èyí tó ní gbogbo íńṣì rẹ̀, wá a ní ìlú ńlá, kí o kà á kí o tó sanwó. Mo sì fẹ́ agolo ọ̀dà funfun kékeré kan. Bíríkìlà ní kí n má parẹ́ ohun tó wà lára pátákó mi, kí n kàn fi ọ̀rọ̀ kan kún un lẹ́yìn. Yóò wá máa jẹ́ ÌWỌ̀N MI KÌ Í YẸ̀ MỌ́. Mo ti wọn àyè rẹ̀, téèpù ìyá rẹ ni mo fi wọ̀n ọ́n, ó gbà á. Fi díẹ̀ kún owó náà fún ìyá rẹ, ó fẹ́ ra àga tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, àtẹ̀jíṣẹ́ kan ló sọ bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ yìí. Dókítà ní eyín kan náà tún dùbúlẹ̀ lápá òsì. Ìyẹn di ẹ̀yìn ìgbéyàwó. Mo ní ọ̀rọ̀ gígùn láti sọ lọ́jọ́ náà, mi ò fẹ́ kí fóònù kankan dún. Bá mi béèrè lọ́wọ́ àwọn eléyín náà ta ló ń kọ àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ wọn, kí n lè dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá rẹ ní kí n má béèrè. Ó ní irú wọn kì í fẹ́ ọpẹ́.

Ọlọ́run kò ní í jẹ́ kí ìwọ àti ọkọ rẹ fi ìwọ̀n ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wọn ara yín. Ọ̀rọ̀ tó bá yẹ kí ẹ gbọ́, kò ní í tó dìgbà tí wọ́n bá yọ yín léyín kí ẹ tó gbọ́ ọ. Bí ẹ bá ń bọ̀ wálé, kí ẹ kan ilẹ̀kùn o. A kò rí bàtà ẹni tó bá dúró níta mọ́. Ẹ kàn án, ẹ dúró, èmi fúnra mi ni màá ṣí i.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ìwọ̀n-ò-yẹ̀